Ohun Tí Níútírọ́ọ̀nù Ń Rí Nínú Òkúta: Ìwádìí Òòfà àti Kírísítálì láti Stone Mountain dé Oak Ridge

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe ń lo níútírọ́ọ̀nù, ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ kéékèèké tó wà ní kókó átọ́mù, láti mọ bí átọ́mù ṣe tò nínú òkúta àti nínú òòfà, àti bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n níbi tí wọ́n wà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àpáta Stone Mountain lẹ́bàá Atlanta, ó sì tọ ọ̀nà náà dé Oak Ridge ní ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí ìmọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀. Ó fi hàn pé níútírọ́ọ̀nù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí àyàfi bí a bá kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù, àti pé ọ̀kan nínú àwọn tó ṣírò bí eré náà ṣe ń dín kù ni J. Ernest Wilkins, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kó wọ Oak Ridge, tó sì wá di olùkọ́ àgbà ní Atlanta ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ìfáàrà

Ní ìlà-oòrùn ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, àpáta ńlá kan dá dúró láàrin igbó. Orúkọ rẹ̀ ni Stone Mountain. Góńgó rẹ̀ ga ní mítà 514 sí ojú òkun, ó sì fi nǹkan bí mítà 250 ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ń gbé ní agbègbè yìí lónìí. Òbí tó bá mú ọmọ rẹ̀ gun àpáta náà lè sọ fún un pé ó jọ Olúmọ ní Abẹ́òkúta tàbí òkè Ìdànrè. Òótọ́ ni yóò sì sọ, nítorí pé ìdílé òkúta kan náà, tí à ń pè ní gíránáìtì, ni gbogbo wọn.

Ojú àpáta náà ní ìtàn tirẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti tún ẹgbẹ́ Ku Klux Klan dá sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1915. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì gbẹ́ ère àwọn aṣáájú Confederate mẹ́ta sí, ìyẹn Jefferson Davis, Robert E. Lee àti Stonewall Jackson. Ọdún 1972 ni iṣẹ́ náà parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn gbẹ́ sára òkúta kò jìn wọ inú rẹ̀. Inú òkúta náà ní ètò tirẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkúta yíyọ́ tutù lábẹ́ ilẹ̀, tó sì di kírísítálì. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: báwo ni a ṣe ń mọ ètò inú náà láì bà á jẹ́?

Kí ni kírísítálì?

Bí a bá gé ègé kan lára gíránáìtì Stone Mountain, tí a sì wò ó dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Hóró tó mọ́ bí gíláàsì wà níbẹ̀, quartz ni wọ́n ń pè é. Hóró funfun wà níbẹ̀, feldspar nìyẹn. Àwọn ìpẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dán, tí òmíràn funfun tí òmíràn sì dúdú, tún wà níbẹ̀. Mica ni orúkọ wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn hóró yìí jẹ́ kírísítálì.

Kírísítálì ni ohunkóhun tí átọ́mù inú rẹ̀ tò ní ẹsẹẹsẹ, tí ètò kan náà sì ń tún ara rẹ̀ ṣe láìdáwọ́ dúró. Aṣọ òkè jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ẹni tó bá mọ àwòrán orí ìwọ̀nba aṣọ kékeré kan, tó sì mọ iye ìgbà tí àwòrán náà tún ara rẹ̀ ṣe, ti mọ gbogbo aṣọ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kírísítálì rí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà: àwòrán aṣọ òkè hàn sí ojú, ti kírísítálì kò hàn. Àlàfo tó wà láàrin átọ́mù kan àti èkejì kò ju ìdá díẹ̀ nínú nánómítà kan lọ. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń lò kò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí pé ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà gùn ju àlàfo yẹn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Láti mọ ètò náà, a nílò ìgbì tí gígùn rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àlàfo àárín átọ́mù. Bí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ bá kọlu ẹsẹẹsẹ átọ́mù, yóò fọ́n ká. Ní àwọn ìhà kan, àwọn ìgbì tó ti ara átọ́mù kọ̀ọ̀kan wá yóò para pọ̀, wọn yóò sì lágbára. Ní ìhà mìíràn, wọn yóò pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó bá wọn àwọn ìhà tí ìgbì ti lágbára lè fi ìṣirò padà sẹ́yìn láti mọ bí átọ́mù ṣe tò. Ohun tí à ń pè ní ìfọ́nká nìyẹn. Ìtànṣán X, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán eegun ní ilé ìwòsàn, ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ń ṣe é títí di òní. Kí ló wá dé tí a tún fi ń wá níútírọ́ọ̀nù?

Ohun tó mú níútírọ́ọ̀nù yàtọ̀

James Chadwick ló ṣàwárí níútírọ́ọ̀nù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1932. Ó wúwo tó pírótọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n kò ní iná mànàmáná lára rárá. Àìníná yìí ni orísun agbára rẹ̀. Ohun tó bá ní iná lára, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí átọ́mù ká yóò tì í tàbí kí wọ́n fà á, kò sì ní jìnnà kó tó dúró. Wọn kì í dí níútírọ́ọ̀nù lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó lè la ọ̀pọ̀ sẹ̀ǹtímítà òkúta tàbí irin kọjá, kó sì jáde ní òdìkejì pẹ̀lú ìròyìn ohun tó bá pàdé.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú ohun tó ń rí. Ara ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ìtànṣán X ti ń fọ́n ká. Nítorí náà, átọ́mù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ ló ń hàn sí i jù. Háídírójìn, tó ní ẹyọ kan ṣoṣo, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Irin ní 26, máńgánéèsì ní 25, nítorí náà àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú ìtànṣán X. Ṣùgbọ́n ara kókó átọ́mù ni níútírọ́ọ̀nù ti ń fọ́n ká, agbára ìfọ́nká náà kò sì tẹ̀lé iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Háídírójìn hàn sí i kedere. Irin àti máńgánéèsì sì ń fọ́n ọn ká ní ọ̀nà tó lòdì sí ara wọn, débi pé kò lè ṣì wọ́n mọ̀.

Ìyàtọ̀ kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún àpilẹ̀kọ yìí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé níútírọ́ọ̀nù kò ní iná lára, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà kékeré kan. Átọ́mù irin náà, àti ti máńgánéèsì, jẹ́ òòfà kéékèèké nítorí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wọn. Bí níútírọ́ọ̀nù bá ń kọjá lára irú átọ́mù bẹ́ẹ̀, òòfà méjì ló pàdé. Nípa bẹ́ẹ̀, ó lè sọ ibi tí átọ́mù wà, ó sì tún lè sọ ìhà tí òòfà inú rẹ̀ kọjú sí.

Eré tó yẹ níútírọ́ọ̀nù: iṣẹ́ J. Ernest Wilkins

Gbogbo ẹ̀bùn yìí kò ní wúlò bí níútírọ́ọ̀nù bá ń sáré jù. Bó bá ṣe ń yára sí ni ìgbì rẹ̀ ń kúrú sí. Níútírọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú yùréníọ̀mù tó là sí méjì ń sáré ní nǹkan bí kìlómítà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì rẹ̀ kúrú jù láti sọ ohunkóhun nípa ètò kírísítálì. A gbọ́dọ̀ dín eré náà kù di nǹkan bí kìlómítà 2.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà náà ni ìgbì rẹ̀ yóò gùn tó 0.18 nánómítà, tí yóò sì bá àlàfo átọ́mù mu.

Bí ènìyàn bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, bọ́ọ̀lù náà yóò padà pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù nínú eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kọlu bọ́ọ̀lù mìíràn tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, yóò pín eré náà fún un. Kókó átọ́mù háídírójìn fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà pẹ̀lú níútírọ́ọ̀nù. Nítorí náà òun ló ń gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Nǹkan bí ìkọlù 18 ti tó láti sọ níútírọ́ọ̀nù tó ń sáré kíkankíkan di ẹni jẹ́jẹ́ nínú háídírójìn. Nínú kábọ́ọ̀nù, tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkọlù náà yóò ju 100 lọ.

Ìṣòro tó le wà ní òpin ìrìn náà. Ẹni tó bá sáré wọ inú ọjà tó kún yóò dín eré kù, ṣùgbọ́n kò ní dúró pátápátá. Èrò ọjà náà ń rìn, àwọn kan yóò tì í síwájú, àwọn mìíràn yóò dá a dúró díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni átọ́mù inú omi tàbí inú kábọ́ọ̀nù kò dúró sójú kan, nítorí ooru ń mú wọn gbọ̀n. Nígbà tí eré níútírọ́ọ̀nù bá ti sún mọ́ tiwọn, ìkọlù kan lè gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn sì lè fi kún un. Mélòó nínú wọn ni yóò máa sáré báyìí, mélòó ni yóò sì máa sáré bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1944, Eugene Wigner àti J. Ernest Wilkins ṣe ìṣirò yìí fún háídírójìn. Títí di òní, orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn onímọ̀ ríákítọ̀ fi ń pe àbájáde ìṣirò náà.

Ta ni Wilkins? Ní Chicago ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1923. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó wọ University of Chicago, ọmọ ọdún 19 sì ni nígbà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní ọdún 1942. Ó kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ ní Tuskegee, lẹ́yìn náà ló dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí átọ́mù ní Chicago nígbà ogun. Ní ọdún 1944, wọ́n fẹ́ kó ẹgbẹ́ tó wà lọ sí Oak Ridge, ní Tennessee, níbi tí ríákítọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wilkins kò lè bá wọn lọ. Ìpínlẹ̀ gúúsù ni Tennessee, òfin ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun ló sì ń darí ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó wà ní Oak Ridge nígbà náà ń gbé inú àwọn ahéré onípákó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, tí ọkọ àti ìyàwó kò tilẹ̀ lè jọ gbé. Edward Teller kọ lẹ́tà sí Harold Urey láti sọ̀rọ̀ rere nípa ọ̀dọ́mọkùnrin náà, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ mìíràn fún un. Wilkins dúró ní Chicago, ó sì ń bá Wigner ṣiṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ogun, ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ American Nuclear Society ní ọdún 1974 sí 1975. Ní ọdún 1990, ó wá di olùkọ́ àgbà ní Clark Atlanta University, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ títí di ọdún 2003. Ó kú ní ọdún 2011. Báyìí ni ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọ ibi tí níútírọ́ọ̀nù ti ń ṣiṣẹ́ ṣe wá ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìlú tí kò jìnnà sí Stone Mountain.

Oak Ridge: nígbà tí òòfà tó fara pamọ́ hàn

Ríákítọ̀ tí Wilkins kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1943. Kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní gíráfáìtì ló ń dín eré níútírọ́ọ̀nù kù nínú rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, Ernest Wollan àti Clifford Shull, tó dé ibẹ̀ ní ọdún 1946, ń jẹ́ kí ìtànṣán níútírọ́ọ̀nù jáde láti ara rẹ̀, wọ́n sì ń fi kọlu kírísítálì láti wo bó ṣe ń fọ́n ká.

Ní ọdún 1949, Shull àti J. Samuel Smart kéde àbájáde kan nípa máńgánéèsì óksáídì. Kí a tó lóye rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sí aṣọ òkè. Ojú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń hun ún, kí wọ́n tó rán ojú mọ́ ojú. Ká sọ pé wọ́n fi ojú pupa àti ojú aró rán aṣọ kan, pupa, aró, pupa, aró. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ àwọ̀ yàtọ̀ yóò sọ pé ẹ̀yọ ojú kan ni àwòrán náà fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó mọ àwọ̀ yàtọ̀ yóò sọ pé rárá, ojú méjì ni. Àwọn méjèèjì wo aṣọ kan náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìtànṣán X ti fi hàn pé ètò máńgánéèsì óksáídì ń tún ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí 0.44 nánómítà. Nígbà tí Shull àti Smart sọ ohun náà di tútù gidigidi, níútírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká ní àwọn ìhà tuntun, tí ìṣirò sì fi hàn pé 0.88 nánómítà ni àtúnṣe náà, ìlọ́po méjì. Átọ́mù kò ṣípò padà lọ́nà tó lè fa èyí. Òòfà inú wọn ló tò ní ìpele ìpele, tí ìpele kan kọjú síhìn-ín, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì kọjú sọ́hùn-ún. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Néel, ti sọ tẹ́lẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 pé irú òòfà bẹ́ẹ̀ yóò wà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìpele kan ń pa agbára ìpele kejì rẹ́, kò sí irin kankan tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè fà mọ́ra, kò sì sí bí ojú ṣe lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Níútírọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ fi í hàn gbangba.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Shull, Wollan àti Wallace Koehler yẹ òkúta òòfà fúnra rẹ̀ wò, ìyẹn mágínẹ́táìtì, tí ènìyàn ti mọ̀ láti ayébáyé pé ó ń fa irin. Ẹyọ irin mẹ́ta ló wà nínú òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Èrò Néel ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló kọjú sí ìhà kan: ọ̀kan kọjú sí òdìkejì àwọn méjì tó kù. Ó dà bí okùn fífà láàrin ẹgbẹ́ méjì. Bí a bá fi ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn òòfà átọ́mù ṣírò rẹ̀, apá kan ní 5, apá kejì ní 5 àti 4, ìyẹn 9. Apá kejì yóò borí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú 4 péré. Agbára 4 yìí ni ohun tí à ń rí nígbà tí òkúta òòfà bá fa abẹ́rẹ́. Níútírọ́ọ̀nù fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Sípẹ́kítírómítà: láti mọ bí átọ́mù ṣe ń gbọ̀n

Títí dé ibi yìí, a ti sọ nípa ibi tí átọ́mù wà. Ṣùgbọ́n átọ́mù kì í dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń gbọ̀n, ìgbọ̀nrìrì náà sì ń gba inú kírísítálì kọjá bí ìgbì omi. Bẹ́ẹ̀ ni òòfà inú wọn: bí ọ̀kan bá yẹsẹ̀ díẹ̀, yóò yẹ ẹnìkejì rẹ̀ nídìí, ìgbì òòfà yóò sì tàn kálẹ̀. Agbára tó ń so òòfà kan mọ́ èkejì hàn nínú bí ìgbì yìí ṣe ń rìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí òòfà kan fi lágbára ju òmíràn lọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbì náà.

Ibí yìí ni eré pẹ̀lẹ́ níútírọ́ọ̀nù tún ti wúlò. Ká sọ pé ìgbọ̀nrìrì kan ń gba náírà 10 lọ́wọ́ ẹni tó bá kọlù ú. Bí ẹni náà bá ní náírà 25 lápò, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ pé owó òun ti dín. Bó bá ní mílíọ̀nù 7 náírà, bóyá ni yóò fura. Ìwọ̀n agbára níútírọ́ọ̀nù jẹ́jẹ́ sí ti ìtànṣán X tí ìgbì wọn gùn bákan náà rí bẹ́ẹ̀ gan-an: 25 sí nǹkan bí mílíọ̀nù 7. Níútírọ́ọ̀nù jẹ́ tálákà tó mọ iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ohun tí níútírọ́ọ̀nù pàdánù tàbí tó jèrè ni sípẹ́kítírómítà. Bertram Brockhouse ló ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù, ní Chalk River ní ilẹ̀ Kánádà, láàrin àwọn ọdún 1950. Ìdúró mẹ́ta tó ń yí ló ní. Ní ìdúró kìíní, kírísítálì kan ń ṣa àwọn níútírọ́ọ̀nù tí eré wọn dọ́gba, ó sì ń darí wọn síwájú. Ní ìdúró kejì, wọn yóò kọlu ohun tí à ń yẹ̀wò. Ní ìdúró kẹta, kírísítálì mìíràn yóò tún ṣà wọ́n, kí a lè mọ eré tí wọ́n bá jáde. Ìyàtọ̀ àárín eré ìwọlé àti eré ìjáde ni ìdáhùn. Ní ọdún 1957, Brockhouse lo ọ̀nà yìí láti wọn ìgbì òòfà nínú mágínẹ́táìtì, òkúta kan náà tí àwọn ará Oak Ridge ti sọ ètò rẹ̀. Ní ọdún 1994, òun àti Shull jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Wollan ti kú ní ọdún 1984, a kì í sì í fún ẹni tó ti kú ní ẹ̀bùn náà.

Ní Oak Ridge òde òní, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà rí níútírọ́ọ̀nù. Èkíní ni ríákítọ̀ HFIR, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 85. Èkejì ni SNS, tó kọ́kọ́ mú níútírọ́ọ̀nù jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2006. Kò sí yùréníọ̀mù tó ń jó nínú èyí. Pírótọ́ọ̀nù tó ń sáré gidigidi ni wọ́n fi ń kọlu mẹ́kúrì, ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, níútírọ́ọ̀nù yóò sì tú jáde lára rẹ̀. Omi àti háídírójìn tó tutù púpọ̀ ló ń dín eré wọn kù. Nítorí pé gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, aago ni wọ́n fi ń mọ eré wọn. Níútírọ́ọ̀nù tó ń rin mítà 2,200 ní ìṣẹ́jú-àáyá yóò rin mítà 20 ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Èyí tó bá pàdánù agbára lọ́nà yóò pẹ́ dé, bí ìgbà tí ọmọ tí a rán níṣẹ́ bá pẹ́ kó tó dé, tí a sì mọ̀ pé nǹkan ló dá a dúró.

Padà sínú gíránáìtì

Kí ni gbogbo èyí lè sọ nípa òkúta bíi ti Stone Mountain? Àwọn tó ń fọ́ òkúta ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé bí a bá dáná sórí àpáta, yóò sán. Ìdí rẹ̀ wà nínú kírísítálì. Quartz àti feldspar kì í wú bákan náà bí ooru bá mú wọn, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn. Bí ooru bá dé ìwọ̀n 573 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ètò átọ́mù inú quartz fúnra rẹ̀ yóò yí padà. Nítorí pé níútírọ́ọ̀nù lè la ògiri ìléru kọjá, a lè gbé òkúta sínú iná, kí a sì máa wọn bí àlàfo átọ́mù inú hóró kọ̀ọ̀kan ṣe ń fẹ̀ tàbí tó ń sún kì, láì dúró kí òkúta náà kọ́kọ́ tutù. Nínú mica ni háídírójìn wà, èyí tí ìtànṣán X kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Mica dúdú sì ní irin nínú, òòfà átọ́mù sì ni irin yìí. Ní Dubna, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, àwọn onímọ̀ ń fi níútírọ́ọ̀nù wo ìhà tí àwọn hóró inú òkúta dorí kọ, kí wọ́n lè mọ bí ilẹ̀ ṣe fún òkúta náà pọ̀ láyé àtijọ́.

Ọ̀nà yìí ní àléébù tirẹ̀. Ìtànṣán níútírọ́ọ̀nù kì í pọ̀ tó ìtànṣán X, nítorí náà ohun tí à ń yẹ̀wò gbọ́dọ̀ tóbi, àkókò tó ń gbà sì máa ń gùn. Àwọn ohun kan, bíi kádíọ́mù àti bórónì, ń gbé níútírọ́ọ̀nù mì. Pabanbarì ni pé kì í ṣe ibi gbogbo ni a ti lè rí i.

Ta ló lè dé ibi tí níútírọ́ọ̀nù wà?

Ìgbà kan wà tí Atlanta ní ríákítọ̀ tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Georgia Tech ló ni ín. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1964, agbára rẹ̀ sì dé mẹ́gáwáàtì 5. Wọ́n kó epo inú rẹ̀ kúrò kí ìdíje Olympic ọdún 1996 tó bẹ̀rẹ̀ nílùú náà, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà, onímọ̀ tó bá wà ní Atlanta tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní láti rìnrìn àjò.

Nàìjíríà náà ní ríákítọ̀ ìwádìí kan, ní Ahmadu Bello University ní Zaria, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004. Nǹkan bí kìlówáàtì 30 ni agbára rẹ̀. Ó wúlò púpọ̀ fún mímọ irú èròjà tó wà nínú ilẹ̀, òkúta àti oúnjẹ, ṣùgbọ́n HFIR fi ohun tó ju ìlọ́po 2,000 lọ lágbára jù ú, níútírọ́ọ̀nù rẹ̀ kò sì tó fún sípẹ́kítírómítà. Onímọ̀ tó bá ń ṣe òòfà tuntun ní Ìbàdàn tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ náà lọ sí òkèèrè.

Ọ̀nà wà fún un. Àwọn ẹ̀rọ Oak Ridge ṣí sílẹ̀ fún onímọ̀ láti ilẹ̀ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n yóò kọ ìwé àbá ìwádìí ránṣẹ́, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó bá sì dára jù ni wọn yóò fún láyè. Kò ní san owó ẹ̀rọ bó bá ti gbà láti tẹ àbájáde rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n ń béèrè nísinsìnyí ni pé kí ìbéèrè onímọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe ohun kékeré ní ibi tí wọn kò ti lè gba Wilkins ní ọdún 1944.

Ìkádìí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ojú òkúta náà ju èyí tí a gbẹ́ sí i lọ. A ti rí i pé níútírọ́ọ̀nù ń wọ inú òkúta nítorí pé kò ní iná lára. Pé ó ń mọ òòfà nítorí pé òun náà jẹ́ òòfà. Àti pé kò lè ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀ bí a kò bá kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dín eré rẹ̀ kù. Ìṣirò apá ìkẹyìn yẹn ti ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wá, tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nígbà náà. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró lórí Stone Mountain lónìí wà láàrin ibi méjì tó yẹ kó mọ̀: Clark Atlanta University, níbi tí Wilkins ti kọ́ni, wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ nínú ìlú, Oak Ridge, níbi tí Wilkins kò lè dé, wà ní àríwá, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọkọ̀. Kò sí òfin tó dí ọ̀nà náà mọ́. Ìmọ̀ ló kù tí yóò gbé e débẹ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní èdè abínibí rẹ̀.